Ọ̀rẹ́ Méjì Nínú Ọkọ̀ Kan

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Fàlílátù ń wọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ipakodo lọ sí Ẹ̀pẹ́, nítorí kò rí ẹnìkan ní gbogbo Ìkòròdú tó fẹ́ gbọ́ ìtàn tó ń kọ. Tíṣà ni. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé obìnrin tó bá ń fi gègé wá òkìkí kò ní rílé ọkọ gbé. Ní Ẹ̀pẹ́, Ọláṣẹ́gun tó ni ilé ìtẹ̀wé máa ń kó àwọn tó ń kọ̀wé jọ sí pálọ̀ rẹ̀. Ìtàn tó bá dùn mọ́ wọn nínú ni yóò tẹ̀ jáde.

Ti Fàlílátù kò dùn mọ́ Ògúnsànyà, oníṣòwò pákó, nínú rárá. Ọkùnrin yìí kì í kọ nǹkan kan. Ó kàn máa ń wá gbọ́ ni, kó lè rí ohun tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lù.

Ìtàn Fàlílátù dá lórí ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń tukọ̀ lórí ọ̀sà, tí ọ̀kan ti èkejì sómi nítorí òwò. Bó ṣe kà á dé ibi tí ẹni tó ń rì ti ń ké pé, “Ẹ gbà mí o!” ni Ògúnsànyà pòṣé.

“Irọ́! Ẹni tómi ti wọ̀ lẹ́nu ló ń pariwo? Etí ọkọ̀ ni yóò máa wá. Yóò dì í mú. Bí èkejì ò bá fi àjẹ̀ gbá a níka, kò ní í jù ú sílẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò rírú ẹ̀ rí ni.”

“Kí ló wá dé tó o fi ń kọ ọ́? Lọ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé rẹ ní A, B, D.”

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Fàlílátù sunkún nínú ọkọ̀ títí ó fi gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ìtàn náà kọ, ó sì fi àjẹ̀ náà sí i.

Nígbà tó padà lọ, Ògúnsànyà tún rí ibòmíràn gbá mú. Fàlílátù ti kọ ọ́ pé apànìyàn náà bú sẹ́kún.

“Ẹkún kẹ̀? Ebi ni yóò máa pa á. Yóò tú oúnjẹ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé dání, yóò jẹ ẹ́ tán, ojú yóò wá máa tì í pé ó dùn lẹ́nu òun.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Inú bí Fàlílátù, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó kórìíra ọkùnrin náà dé ọkàn, síbẹ̀ ó kọ ohun tó wí.

Ògúnsànyà nìkan ló ní kí wọ́n má tẹ ìtàn ọ̀hún. Wọ́n ní ìlara ni. Kí òjò tó dá, ìwé náà ti jáde, wọ́n sì ti ń kà á káàkiri Ẹ̀pẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Fàlílátù yà sọ́jà ẹja kó tó wọkọ̀ padà sílé. Rọ̀kíbátù, opó kan tó ń ta ẹja níbẹ̀, ti ní kí wọ́n ka ìwé náà sí òun létí. Ó dá ọ̀bẹ dúró lórí ẹja tó ń pa.

“Tíṣà, ta ló kọ́ ọ bómi ṣe ń gbé èèyàn lọ?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣe Fàlílátù bíi kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tá rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà ni, Màmá. Oníṣòwò pákó yẹn.”

“Òun àti ọkọ mi ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tómi gbé ọkọ mi lọ,” ni Rọ̀kíbátù wí, “ó sì búra lójú gbogbo ẹbí pé oorun lòun ń sùn, pé nígbà tóun yóò fi jí, òun nìkan ló kù nínú ọkọ̀.”