Ìka Kan ní Abala Kẹsàn-án

Ọdún kejìlélógún rèé tí Emil Hauck ti ń kọ àkọsílẹ̀ eré bésíbọ́ọ̀lù ní ìlú Fenwick, ẹ̀rù ò sì bà á rí bíi ti ọ̀sán Sátidé yẹn, lóṣù kẹjọ ọdún 1951. Bí ẹni tó mú igi bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa tó fi sáré dé ibùdó, Emil á na ìka kan síta lójú fèrèsé yàrá rẹ̀ lókè pápá, wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbá a. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó mú bọ́ọ̀lù ló jẹ́ kó bọ́, Emil á di ìkúùkù: àṣìṣe nìyẹn. Ohun tó bá fọwọ́ sọ ni ìwé ìròyìn máa gbé jáde, kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà.

Lọ́jọ́ náà, Lonnie Pruett, ọmọ awakùsà èédú, ti ju bọ́ọ̀lù fún abala mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án láìsí ẹni tó gbá a. Ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ ńlá wà lórí ìjókòó iwájú, ìwé àdéhùn wà lápò rẹ̀. Bí Lonnie bá parí eré bẹ́ẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ èédú nìyẹn. Gbogbo ìlú ló mọ̀.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ ju ọmọ yẹn lọ," ni Merle Toomey wí, oníròyìn tí wọ́n jọ ń jókòó. "Mu omi, jàre. Ta ló kàn?"

"Stegall," ni Emil dáhùn láì wo ìwé.

Roy Stegall ni alágbára inú ẹgbẹ́ Galt, ìlú tó wà ní òdìkejì odò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti mú igi lọ́sàn-án yẹn, òfo ló já sí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni kò tíì rí ọ̀kan gbá. Emil mọ̀ ọ́n lórí, ó sì ń wo fóònù orí tábìlì ní gbogbo ìgbà tó bá kọ òdo síwájú orúkọ ọkùnrin náà.

"Ó ti fọ́ igi méjì lónìí," ni Merle wí. "Inú burúkú gbáà."

Stegall gbá bọ́ọ̀lù kan tó rọra ń yí lọ sọ́dọ̀ Bobby Lund, amúbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Lonnie. Ó wọ ìbọ̀wọ́ Bobby, ó sì bọ́ sílẹ̀. Stegall dé ibùdó.

Gbogbo ojú yí sí fèrèsé Emil. Lonnie ń wò ó. Stegall náà gbọ́wọ́ lé ìbàdí, ó gbójú sókè, ó ń wò ó.

"Ìkúùkù ni, Emil. Kí lo tún ń rò?" ni Merle wí.

Emil na ìka kan.

Ariwo sọ. Wọ́n ń ju tìmùtìmù lu fèrèsé.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni Merle bi í.

Lonnie lé àwọn tó kù kúrò kíákíá, eré parí. Ọkùnrin ẹgbẹ́ ńlá náà ti jáde kó tó parí. Merle kó ẹrù rẹ̀, ó jáde.

Kò pẹ́ tí Lonnie gòkè wá, ó ṣí fìlà.

"Ẹ káàsán, sà. Mi ò wá bá yín jà o. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ rí ni."

"Ó gbá a."

"Bobby fúnra ẹ̀ ló ní òun jẹ́ kó bọ́, sà. Ó ń sunkún nísàlẹ̀."

"Ó gbá a, ọmọ mi."

Ojú ti Emil, kò lè wo ọmọ náà. Lonnie dé fìlà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Bọ́ọ̀sì àwọn ará Galt ti ń kùn níta. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n máa fi dé ilé. Emil ti ilẹ̀kùn, ó gbé fóònù, ó ní kí wọ́n so òun mọ́ nọ́ńbà ọmọbìnrin òun ní Galt.

"Verna, ọmọ mi," ló wí, "Roy ọkọ ẹ rí ọ̀kan gbá lónìí, kò ní lù ọ́ lálẹ́ yìí, lọ kó àwọn ọmọ padà sílé níbi tó o fi wọ́n pamọ́ sí."