Wọ́n Rí Ológbò Bàbá Aránbàtà

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó Bàbá Aránbàtà, kò sẹ́ni tó tún kanlẹ̀kùn rẹ̀ lókè pátápátá. Ayálégbé kún ilé náà, ṣùgbọ́n kálukú ń wọlé, kálukú ń tìlẹ̀kùn. Bí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, “ẹ ǹlẹ́” kan ṣoṣo ló ń já bọ́ lẹ́nu wọn.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Bàbá gbálẹ̀, ó se omi tíì, ó fọ gbogbo ife tó wà nílé, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀ lọ bá télọ̀ ìsàlẹ̀.

“Ìyá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò bá mi rí ológbò mi?”

“Háà! Ó sọnù ni? Àwọ̀ wo ni, Bàbá?”

Bàbá wo aṣọ dúdú tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo òwú funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Dúdú ni,” ó ní. “Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló funfun.”

“Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ tán, mo mọ̀ ọ́n! Òun ló ń jí ẹja mi gbé.”

Dẹ́rẹ́bà tó ń gbé òdìkejì yọjú. Òun àti télọ̀ ti jà lórí ẹni tí yóò máa gbá àtẹ̀gùn. Láti ìgbà náà, òṣé nìkan ni wọ́n ń pa síra wọn.

“Ológbò yẹn kẹ̀? Tí kì í jẹ́ n sùn!”

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn náà jáde, ó ní òun ti fọwọ́ pa á lórí rí. Bàbá kò já ẹnikẹ́ni nírọ́.

Wọ́n wo abẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n wo ẹ̀yìn táńkì omi. Dẹ́rẹ́bà ń tan tọ́ọ̀ṣì, télọ̀ ń nàka.

“Sún iná sọ́tùn-ún, ọkùnrin yìí! Wò ó dáadáa!”

“Ṣé abẹ́rẹ́ là ń wá ni? Ológbò mà ni!”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí pé àwọn ń bínú.

Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, Bàbá ní kí wọ́n wá jókòó lọ́dọ̀ òun. Wọ́n mu tíì. Télọ̀ wo àwòrán ìyàwó rẹ̀ lára ògiri, ó ní, “Olóògbé yìí mọ èèyàn í kí.” Bàbá sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, ó fọwọ́ di ẹ̀yìn àga mú.

“Ṣé ẹ ó tún bá mi wá a lọ́la?”

Dẹ́rẹ́bà ti ṣáájú wọn sọ̀kalẹ̀. Òun ni wọ́n gbọ́ tó pariwo nísàlẹ̀, tó sì sáré gòkè, tòun ti ológbò dúdú kan lábẹ́ abíyá.

“Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò funfun,” nọ́ọ̀sì sọ.

“Ẹrẹ̀ ló bò ó!”

“Òun ni jàre,” télọ̀ gbè é lẹ́yìn. “Ẹ wo ojú olè!”

Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá.

“Òun náà ni,” ó ní, wẹ́rẹ́.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kálukú ṣèlérí pé òun á máa gòkè wá wò ó.

Bàbá tìlẹ̀kùn, ó gbé ológbò náà sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, “Ó dáa, ọmọ ọlọ́mọ, ilé ta ni wọ́n ti ń wá ọ báyìí, nítorí èmi ò sin ológbò rí láyé mi?”