Ìwé Ẹ̀jẹ̀ Tí Ọ̀gá Tì Mọ́ Inú Tábìlì

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹlẹ́sẹ̀-Fẹ́rẹ́ ni wọ́n hùwà ìkà sí, òṣìṣẹ́ ọgbà irúgbìn igi, ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ò tíì gbàgbé.

1. Òfin kan wà nínú ọgbà náà: òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ wọ bàtà láàárín ebè. Ọ̀gá ní bàtà ń tẹ ọmọ igi pa. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀ tútù tí ọ̀gá ń fi ìgbẹ́ inú ṣáláńgá bù lọ́ràá. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ mọ̀ ọ́n rìn débi pé ewé kan kì í ṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti gba ìnagijẹ rẹ̀. Nígbà tó yá, àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ ń yún un, ikọ́ dé, inú rírun tẹ̀lé e. Aránṣọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ẹsẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún bàtà.

2. Oníbàárà ńlá kan ní òun ò ní ra igi àyàfi tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wò, kó lè dá òun lójú pé àrùn ò sí nínú ọgbà. Obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé eosinófíìlì ga gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀-Fẹ́rẹ́. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ikọ́ fée lè mú un pọ̀, tàbí oògùn tí ara ò gbà, tàbí aràn, nígbà míì àrùn ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn kì í méfò ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń wádìí ni. Obìnrin náà kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé kí wọ́n bi í léèrè oògùn tó ń lò àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí wọ́n má sì fún un ní sitẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń dín agbára àwọn ẹ̀ṣọ́ ara kù, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá aràn ni.

Ọ̀gá rí “aràn”, ó rò ó pé bí oníbàárà bá gbọ́, ọjà bàjẹ́. Ó ti ìwé náà mọ́ inú tábìlì.

3. Ikọ́ le sí i. Ọ̀gá na hóró oògùn sí ọkùnrin náà. Sitẹ́rọ́ìdì ni.

“Ọ̀gá, kí ni ìwé ẹ̀jẹ̀ mi sọ?”

“Ara rẹ ò kàn gba eruku ni. Lo èyí, kí o padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Ikọ́ rọ̀. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò níbòmíì, eosinófíìlì ti wálẹ̀, ọ̀gá sì fi ìwé tuntun han oníbàárà tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀ṣọ́ ni oògùn náà kùn lóorun; olè ṣì wà nínú ilé. Aràn tín-ín-tín tó gba àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ wọlé ráyè bí sí i, ó tàn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọjọ́ kejìdínlógún tó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, Ẹlẹ́sẹ̀-Fẹ́rẹ́ kú sí ilé ìwòsàn. Dókítà ibẹ̀ rí aràn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀ kó tó kú, ó bi aránṣọ pé ta ló fún un ní sitẹ́rọ́ìdì.

4. Aránṣọ lọ bá obìnrin tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

“Àbúrò mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀,” obìnrin náà wí. “Ṣé wọn ò kà á fún un ni?”

Aránṣọ gba ẹ̀dà ìwé náà. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú rán an mọ́ ara àwọ̀n géètì ọgbà. Ọ̀gá já a dànù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òmíràn ti wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kà á, wọ́n lọ yẹ ara wọn wò: nínú mọ́kànlá, mẹ́jọ ló ní aràn. Wọ́n gba ìtọ́jú, ẹnikẹ́ni ò padà sẹ́nu iṣẹ́ ọgbà náà. Oníbàárà bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ igi ń gbẹ lórí ebè, ọ̀gá nìkan ló ń gbé omi kiri láàárín wọn, ó ń tẹ̀ wọ́n pa. Ó wọ bàtà. Òun ò bọ́ bàtà rí. Aránṣọ ń wò ó láti ẹ̀yìn géètì, inú rẹ̀ sì dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí wọ́n bá ní eosinófíìlì yín ga, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hóró oògùn pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ wádìí ohun tó fà á. Ẹ gba ìwé yín sọ́wọ́ ara yín. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ sì rántí: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, aránṣọ ṣì ń dúró lẹ́nu géètì yẹn.

“Mú ìwé ẹ̀gbọ́n mi jáde. Kà á sókè.”

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣì wà ní títì.