Igi Ìwọ́ Inú Ọ̀rá

Ọjọ́ kọkànlá tí ìyá Délọ́lá ti kú ní Ọ̀yọ́ ni Délọ́lá tó gbọ́, orí Facebook ló sì ti rí i. Gbogbo ará ilé ti mọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti Ìbàdàn wá sí Amẹ́ríkà láti bá wọn tọ́jú ọmọ tí wọn yóò bí, ló ní kí ẹnikẹ́ni má sọ.

"A kì í túfọ̀ fún aboyún," ni ìyá náà wí. Kò tọrọ gáfárà.

Láti ọjọ́ náà ni Délọ́lá ti kórìíra rẹ̀, kò sì fi bò. Fúláàtì oníyàrá méjì ni wọ́n ń gbé ní Adelphi, kò sí ibi téèyàn lè sá sí. Táyọ̀, ọkọ Délọ́lá, kì í dá sí i. Ó kàn ń pẹ́ níbi iṣẹ́ ni.

Hóró àgbálùmọ̀ mẹ́ta ni gbogbo ohun tó kan Délọ́lá nínú ẹrù ìyá rẹ̀. Igi tí wọ́n ti so wà lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ Délọ́lá sí nígbà tí wọ́n bí i. Wọ́n ti gé igi náà báyìí nítorí títì tuntun. Délọ́lá pinnu pé òun yóò gbin òmíràn, tí òun bá sì bímọ ní oṣù kẹfà, ìdí rẹ̀ ni òun yóò sin ìwọ́ ọmọ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ inú ìkòkò. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá hù, ó parí nìyẹn.

Oṣù kejì ni, yìnyín wà níta. Délọ́lá to pẹpẹ onírin kan sí igun pálọ̀. Ó fi ọ̀rá onísíìpù tó mọ́ gaara bò ó yí ká, ó so iná funfun mọ́ òkè, ó gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń tu omi bí ìkùukùu sísàlẹ̀, ó sì fi aago tó ń ka ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kọ́ sáàárín. Ọgọ́rin ló fẹ́ kó máa wà. Tó bá ti wálẹ̀, ẹ̀rọ á tan ara rẹ̀. Kó tó gbin àwọn hóró náà, ó fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí wọn lára, kí wọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń tu káàkiri. Gbogbo àgbálùmọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà ni ìyá náà fẹ́ jẹ tán.

"Ewé la fi ń wé ẹ̀kọ," ni ìyá wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ ń fi ọ̀rá wé ewé. Ewé ọ̀hún gan-an dà?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Omi yẹn sì ti pọ̀ jù."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, nǹkan kan ò hù. Délọ́lá kì í jẹun dáadáa mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó ṣọ́ra. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó dé ìdí pẹpẹ, ó bá ọ̀kan tó ti hù, tó ti yọ ewé méjì. Ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Mọ́mì mi dá mi lóhùn."

"Dìde nílẹ̀," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èékánná rẹ̀ dúdú fún erùpẹ̀. "Lọ jẹun."

Kọ́ọ̀pù oníke bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nílé ìdáná. Ìyá ń ti yàrá rẹ̀ pa, kì í sì í ká kọ́tìnnì. Délọ́lá ò bi í. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó ka ewé igi rẹ̀. Márùn-ún ni lánàá. Mẹ́rin ló kù.

"Mọ́mì, ṣé ẹ já ewé kan níbí?"

"Ṣé ewúro ni?"

"Ẹ ti ń ṣí i. Mo mọ̀ pé ẹ ń ṣí i."

"Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́."

Délọ́lá ra àgádágodo kékeré, ó fi ti ọ̀rá náà pa. Lójoojúmọ́ ni ìyá ń béèrè kọ́kọ́rọ́, lójoojúmọ́ ni Délọ́lá ń kọ̀. Aago ò kúrò lórí ọgọ́rin. Ní ọjọ́ kẹfà, ìdí igi náà dúdú, ewé rẹ̀ pọ́n. Délọ́lá dé ibi iṣẹ́, kò lè ṣiṣẹ́, ó tọrọ àyè, ó wálé lọ́sàn-án.

Ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ nídìí pẹpẹ. Ó ti fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá, igi náà sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ọwọ́ òsì di nǹkan kan mú lábẹ́ ìborùn, kò yọ ọ́.

"Ẹ pa á! Ẹ ti pa ìyá mi fún mi lẹ́ẹ̀kejì!"

Ìyá fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Má pariwo," ló wí. "Oyún wà nínú rẹ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Délọ́lá ní kí ọkọ rẹ̀ yan ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

"Babe, jọ̀ọ́, calm down."

"Èmi tàbí àwọn, Táyọ̀."

Táyọ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Fort Washington. Ìyá bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun wọ yàrá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Délọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun máa kó ẹrù wọn ránṣẹ́, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó wọlé lọ kó ẹrù náà, ó fi ìbínú fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ríran: kọ́ọ̀pù oníke mẹ́sàn-án ló tò lójú fèrèsé, àgbálùmọ̀ hù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tó ga jù ti yọ ewé márùn-ún, hóró mẹ́ta tí kò hù rárá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú bébà ìnuwọ́, wọ́n ti rà, àmì pupa ṣì wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.