Ẹni Tó Wá Fọnná

Gáàsì tán kí ìrẹsì mi tó hó. Ebi ń pa mí, inú sì ń bí mi. Ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni ìyá àgbàlagbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, àpáàdì lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, mo wá fọnná."

Ta ló ṣì ń fọnná kiri láyé ìsinsìnyí? Màmá mi àgbà tó ni ilé yìí ló fa gbogbo èyí. Nígbà ayé wọn, ẹni tó bá wá fọnná lọ́dọ̀ wọn á gba iná, á tún gba iṣu sísun. Wọ́n ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn èèyàn wọn ò yéé kanlẹ̀kùn mi.

"Kò síná níbí, mà. Èmi gan-an ò tíì jẹun."

"Màmá ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Mo ń kùn. Ilé ìdáná ẹ̀yìn ti wó látèṣí.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ ṣé, Màmá."

Nígbà tó padà kọjá, ẹyin iná ń pọ́n nínú àpáàdì rẹ̀. "Wọ́n ní kó o wá gba tìẹ."

Mo lọ wò ó. Omi òjò kún inú ààrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpáàdì kejì wà, ẹyin iná nínú rẹ̀, àti iṣu sísun kan tí wọn ò ha, bí mo ṣe máa ń fẹ́ ẹ láti kékeré.