Agogo Inú Ọkọ̀ Ogun Tuntun

"Ẹ fọwọ́ kàn án, sà. Tuntun ni!"

Ọ̀gá tó ṣojú ìlú tó ta ọkọ̀ ogun náà ń lu ògiri irin rẹ̀ gbàgbà, ìpẹtà sì ń já bọ́ sórí bàtà rẹ̀ tó ń dán.

"Kí ló ń já bọ́ yìí?" Kápútéènì tó wá gba ọkọ̀ náà fún ìlú tirẹ̀ ló béèrè.

"Eruku ni, sà."

"Eruku, lórí òkun?"

"Ayé ti bàjẹ́, sà."

Kápútéènì dojú agogo ọkọ̀ náà sókè. Àṣà àwọn ọmọ ogun ojú omi ni láti bu omi sínú agogo ọkọ̀, kí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, kí wọ́n sì fín orúkọ ọmọ náà sínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ṣe é fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, nínú ọkọ̀ kan tí ìjọba padà tà dànù sókè òkun nígbà tó di akúrẹtẹ̀.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú agogo. Orúkọ ara rẹ̀ ló kà níbẹ̀.

Ó dojú agogo dé wẹ́rẹ́, ó sì jáde síbi tí mínísítà ìlú rẹ̀, tó wá ṣí ọkọ̀ náà, ti di àlùmọ́gàjí mú níwájú rìbọ́ǹnì.

"Kápútéènì, ṣé tuntun ni lóòótọ́?"

Ó ṣí fìlà, ó fọwọ́ pa irun funfun orí rẹ̀.

"Tuntun ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ni."