Èèpo Tí Orrin Kọ̀ Láti Bó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á títí dé ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Kenai, ní Alaska, Ardith ń yan ẹja sámọ́nì lábẹ́ àwọn igi sípúrúsì ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Abẹ́ igi wọ̀nyẹn ni wọ́n da eérú òkú Wendell, ọkọ rẹ̀ tí wọ́n sun, sí. Ibẹ̀ ló ti máa ń bá a sọ̀rọ̀. Orrin, ẹ̀gbọ́n Wendell, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹun, ó ń ṣàwàdà. Igi tutù yọ̀yọ̀ lórí wọn. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó.

2.
Ìjì wó àwọn igi ńlá kan lórí ilẹ̀ Orrin, létí ààlà òun àti Ardith. Gbogbo ará ibẹ̀ ló mọ̀ pé bíbó ni wọ́n ń bó irú igi bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá bó o, kòkòrò á yé ẹyin sábẹ́ èèpo rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì fò lọ sára igi tó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bó o kí ooru tó dé."

"Ìyàwó wa, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ igi? Igi tí wọ́n bá bó á sán kó tó dé sọ́mìlì."

"Wendell ì bá ti bó o."

"Wendell tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀rọ agégi mú!"

3.
Nígbà tí ooru dé, ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú ń jáde lára èèpo. Orrin rí i, ó sì mọ̀ pé kòkòrò ti ń jẹ igi náà nínú. Ṣùgbọ́n ojú tì í láti gbà pé Ardith ló sọ òótọ́. Ó fọwọ́ gbá ìyẹ̀fun náà dànù, ó fa tápólì bo igi.

"Kí lẹ bò síbẹ̀ yẹn?"

"Kí òjò má pa á ni."

"Ṣé kò sí kòkòrò níbẹ̀?"

"Kòkòrò wo? Lọ bá mi gbé kọfí wá jàre."

Ardith gbà á gbọ́.

4.
Òtútù dé, ó lọ. Igi ṣì wà lábẹ́ tápólì. Ní ọ̀sán kan tí ooru mú, tí atẹ́gùn ò fẹ́, àwọn kòkòrò náà fò kọjá ààlà. Fún ìgbà pípẹ́, igi Ardith ṣì tutù. Lọ́dún kejì, ewé wọn pọ́n, ó ń já bọ́ sórí ẹja tó ń yan. Ó fi ọ̀bẹ ṣí èèpo kan, ó rí àwọn kòkòrò náà. Ló bá lọ ṣí tápólì Orrin. Èèpo igi ibẹ̀ ti lu bí asẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀?"

Orrin ń wolẹ̀. "Mo mọ̀."

"Ẹ̀ bá kàn ti sọ fún mi. À bá jọ bó o."

Kò bú u. Ìyẹn ló dun Orrin jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí àṣìṣe bá ti ń yọ lọ́wọ́ yín, ẹ figbe ta nígbà tí ìrànlọ́wọ́ ṣì wúlò. Ẹ má bò ó. Ohun tí ẹ ń bò kò dúró lọ́dọ̀ yín nìkan.

Orrin fúnra rẹ̀ ló gé àwọn igi Ardith tó ti kú. Kùkùté ló kù lẹ́yìn ilé, àti bẹ́ǹṣì kan. Ardith ṣì ń jókòó síbẹ̀ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ lù ú, kò sí igi tó máa dí i mọ́.